Ìparí Eré Já Yín Kulẹ̀? Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Ara Yín Tún Un Kọ

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2014, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n CBS ní Amẹ́ríkà gbé ìparí eré àwàdà How I Met Your Mother sáfẹ́fẹ́. Láti 2005 ni Ted Mosby ti ń rojọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì nípa bí òun ṣe pàdé ìyá wọn. Ìgbà tí a wá rí ìyá náà tán, tí Tracy ti wọ̀ wá lọ́kàn, wọ́n ní ó ti kú. Àìsàn ló pa á, wọn ò tilẹ̀ sọ irú àìsàn tó jẹ́. Kí a tó nu ojú, Ted ti gbé fèrè búlúù dúró sábẹ́ fèrèsé Robin, obìnrin tó ti ń lé kiri láti ẹ̀písóòdù àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ló bínú. Bó bá sì jẹ́ ti Game of Thrones tó parí ní oṣù Karùn-ún 2019 ló dun ẹ̀yin jù, ẹ ò dá wà: àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí HBO, iléeṣẹ́ tó gbé e jáde, tún apá kẹjọ rẹ̀ ṣe lé ní mílíọ̀nù kan. HBO ò tún nǹkan kan ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ìparí mìíràn, àfi kó jókòó kọ ọ́.

Ohun tí à ń pè ní fanfic nìyẹn: kí olólùfẹ́ eré mú àwọn ẹ̀dá ìtàn tó ti wà nílẹ̀, kó fi wọ́n kọ ìtàn tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé iṣẹ́ àwọn ọmọdé tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Ní 1681, Nahum Tate mú King Lear tí Shakespeare kọ, ó yí ìparí rẹ̀ padà. Cordelia, ọmọ ọba Lear, kò kú mọ́, ó sì di ìyàwó Edgar. Ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ti Tate yìí lórí ìtàgé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màá fi How I Met Your Mother ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí pé a mọ ohun tó fà á gan-an tí ìparí rẹ̀ fi rí bó ṣe rí. Ẹ̀yin ẹ fi eré tiyín rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, mo ti ba adùn rẹ̀ jẹ́ fún un báyìí, kó má bínú.

1. Ẹ kọ ẹ̀sùn yín ní gbólóhùn kan

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ wo ìparí náà. Ìbínú dára láti fi jà lórí WhatsApp, àmọ́ ìtàn tó bá ti inú rẹ̀ jáde, ìyà ni yóò máa fi jẹ ẹni tí ẹ kórìíra láti ìpínrọ̀ kìíní dé ìkẹyìn. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ mú bébà, kí ẹ parí gbólóhùn yìí: "Ohun tó dùn mí ni pé..."

Ẹ wo bí ẹ̀sùn mẹ́ta lórí eré kan náà ṣe yàtọ̀ síra. Ẹnì kan á ní Tracy kò yẹ kó kú. Ẹlòmíràn á ní wọ́n fi odidi apá kẹsàn-án se ìgbéyàwó Robin àti Barney tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ted, wọ́n wá tú u ká láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹnì kẹta á ní òun kò rí ibi tí Ted ti ṣọ̀fọ̀ ìyàwó rẹ̀. Ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lèyí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kò ní parí ìkankan. Ẹ mú ẹyọ kan.

Ẹ wá bi ara yín léèrè: ṣé ìtàn náà ló kọ̀ ọ́, àbí èmi ni mi ò fẹ́? Méjèèjì tó ìdí láti kọ fanfic, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó bá ní ikú Tracy bá òun lójijì, kò wò ó dáadáa ni. Ní apá kẹsàn-án, nínú ẹ̀písóòdù tí wọ́n pè ní Vesuvius, Ted àti Tracy jókòó níbi oúnjẹ, ọ̀rọ̀ kan ìyá tí kò ní sí níbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, omi sì lé sójú Ted. Ṣáájú ìyẹn, nínú The Time Travelers ní apá kẹjọ, Ted rò ó lọ́kàn pé òun sáré lọ kan ilẹ̀kùn Tracy, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé ọjọ́ 45 péré ló kù kí àwọn pàdé, pé òun ń fẹ́ ọjọ́ 45 ọ̀hún kún èyí tí àwọn máa jọ lò. Ọkùnrin tó mọ̀ pé ọjọ́ òun pẹ̀lú ẹnì kan kò ní pọ̀ ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ti gbin ikú náà tipẹ́.

2. Ẹ tún un wò, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o. Ẹ̀písóòdù 208 ni, ẹ ní iṣẹ́ àtilé láti tọ́jú. Ẹ wo méjì tó kẹ́yìn, ẹ wo ìgbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kọ́kọ́ yọjú, kí ẹ sì wo ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ̀yin fúnra yín rántí pé ó wọ̀ yín lára. Ẹ máa kọ ọdún àti ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ. Tèmi rí báyìí: 2013: ìgbéyàwó Barney àti Robin, Ted pàdé Tracy ní ibùdókọ̀ ojú irin Farhampton; 2016: Barney àti Robin sọ pé àwọn ti kọ ara wọn sílẹ̀; 2020: Ted àti Tracy ṣègbéyàwó, wọ́n ti bí Penny àti Luke nígbà náà; 2024: Tracy kú; 2030: Ted ń sọ ìtàn fún àwọn ọmọ.

Ìlà márùn-ún péré, àmọ́ ẹ wo àárín 2024 sí 2030. Ọdún mẹ́fà, òfìfo. Mo máa padà síbẹ̀.

Ẹ wádìí pẹ̀lú, bó bá ṣeé ṣe, ohun tó mú kí àwọn tó kọ eré náà parí rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ti eléyìí ò fara sin. Àwọn ọ̀dọ́ tó ṣe Penny àti Luke ń dàgbà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dàgbà, nítorí ìjókòó kan ṣoṣo ni wọ́n wà láti ọjọ́ tí eré ti bẹ̀rẹ̀. Ni Carter Bays àti Craig Thomas tó dá eré náà sílẹ̀ bá ya ìdáhùn àwọn ọmọ náà pamọ́ láti ìgbà apá kejì, ní 2006: kí Dádì lọ bá Àǹtí Robin. Ọdún méje kọjá lórí rẹ̀. Barney dàgbà, Robin dàgbà, Ted alára jẹ́ kí Robin lọ, ó tó ìgbà mélòó kan tí a rí i tó ń jẹ́ kó lọ. Wọ́n wá yan obìnrin kan tó mọ eré ṣe débi pé a ò fẹ́ kó lọ mọ́. Àmọ́ fídíò 2006 wà nílẹ̀ tó ń dúró dè wọ́n.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, ìbínú yín á rọlẹ̀, iṣẹ́ yín á sì rọrùn. Ìparí náà kò burú ní 2006, ìtàn ló ti kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí.

3. Ẹ wá ibi tí ẹ ó ti tú u

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Télọ̀ tó fẹ́ tún aṣọ ṣe kì í fi síṣọ́ọ̀sì la àárín aṣọ, ojú rírán ló máa ń wá. Ẹ wá ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti parí tí òmíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà ṣáájú ibẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nínú eré náà ni kó wà. Gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ di tiyín.

Nínú àpẹẹrẹ wa, mo rí ojú rírán mẹ́rin.

Èyí tó rọrùn jù ni Farhampton. Òjò ń rọ̀, Ted àti Tracy dúró sábẹ́ agbòjò yẹ́lò, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹ dá a dúró síbẹ̀. Àwọn tó ni eré náà pàápàá ṣe bẹ́ẹ̀: nínú DVD tí wọ́n tà ní 2014, wọ́n fi ìparí kejì sí i, níbi tí Tracy ò ti kú. Àwòrán tí wọ́n ti yà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún tò, wọ́n ní kí Bob Saget tó jẹ́ ohùn olùsọ̀tàn ka ọ̀rọ̀ tuntun lé e lórí, ó parí. Ẹ ṣàkíyèsí bí ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn ṣe kéré tó. Ẹni tó bá fẹ́ kọ fanfic àkọ́kọ́ rẹ̀, kó lọ wo ìyẹn.

Ojú rírán kejì wà ní Argentina, níbi tí Barney àti Robin wà ní hòtẹ́ẹ̀lì, tí iṣẹ́ Robin ń gbé wọn káàkiri ayé, tí Wi-Fi ò sì ṣiṣẹ́ fún Barney. Ibẹ̀ ni ìgbéyàwó wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n má kọ ara wọn sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn sọ pé wọ́n ò kọ ara wọn sílẹ̀. Kó wá ohun tí tọkọtaya yóò sọ fún ara wọn nínú yàrá yẹn tí wọn ò sọ nínú eré.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rẹ̀ apá kẹsàn-án. Ẹ̀písóòdù 22 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n tó wá fi méjì tó kù sáré gba ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ẹni tó bá ní agbára àti àkókò lè tún gbogbo apá náà pín. Èmi ò ní i.

Ẹ̀kẹrin ni ọdún mẹ́fà yẹn, ibẹ̀ sì ni èmi ì bá ti tú u. Ẹ jẹ́ kí Tracy kú. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ. Àmọ́ ohun tó ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá wò ó dáadáa, kì í ṣe pé ó kú, bí kò ṣe pé wọ́n sin ín láàárín gbólóhùn méjì, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú tó tẹ̀ lé e. Nílé wa, bàbá tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ẹbí ìyàwó á wá bi í ní ìbéèrè. Fanfic tó bá kún ọdún mẹ́fà náà kò ní láti yí ohunkóhun padà nínú èyí tí a rí lójú, síbẹ̀ ìparí náà á yàtọ̀ pátápátá.

4. Ẹ dín in kù

Ẹ kọ ìran kan. Ọ̀rọ̀ 1,500 sí 3,000 tó. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "orí kìíní nínú 40" pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orí kẹta ni ọ̀pọ̀ wọn ti dákẹ́.

5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dún bí ara wọn

Òǹkàwé fanfic mọ àwọn èèyàn yìí ju bó ṣe mọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ẹ mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ohun méjì tó máa ń ṣe lẹ́nu àti ohun kan tí kò lè sọ láéláé. Ted máa ń ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì máa ń tún ọ̀rọ̀ ṣe mọ́ èèyàn lẹ́nu. Barney máa ń dá òfin sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni pé ó ti wà láti ayébáyé. Robin kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí omijé òun, bó bá fẹ́ sọ pé nǹkan dun òun, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló máa gbé wá.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ ní Yorùbá, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ gbìyànjú rẹ̀, ìṣòro kan wà tí ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ kì í ní: ta ló ń sọ "ẹ" sí ta? Ted àti Marshall jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì, "ìwọ" ni wọn. Tracy náà, "o" ló máa sọ sí Ted. Bó bá di "ẹ" lẹ́nu rẹ̀, ẹlòmíràn ló máa dà. Àmọ́ Penny àti Luke ńkọ́? Lójú tèmi, bí ẹ bá jẹ́ kí ọmọ sọ "o" sí bàbá rẹ̀ lórí bébà Yorùbá, ọmọ tí wọn ò kọ́ ni òǹkàwé máa rí, kò ní rí ọmọ Amẹ́ríkà. Mo máa ń fi "ẹ" sí i, mo sì máa ń jẹ́ kí àwàdà inú ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé wọn ò bẹ̀rù rẹ̀. Àǹtí Robin kò ní wàhálà, Àǹtí ni wọ́n ti ń pè é láti ilẹ̀ wá. Ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ ní New York. Ẹ má gbé wọn lọ jẹ àmàlà.

6. Ẹ kọ ìran náà

Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wá ohun kan tó ṣeé fọwọ́ kàn láti inú eré náà. Ó sàn ju kí ẹ sọ bó ṣe ń rí lára ẹ̀dá ìtàn yín lọ. Àpẹẹrẹ: nínú ẹ̀písóòdù tó sọ ìgbésí ayé Tracy kí Ted tó dé, a rí i pé ó máa ń ṣe é bí ẹni pé oúnjẹ àárọ̀ rẹ̀ ló ń kọrin. Ohun tí mo lè fi ìyẹn ṣe nìyí:

Ọdún 2025. Penny ti wọ bàtà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òjò ń rọ̀ níta.

Luke ò tíì jẹun. Ó tẹjú mọ́ búrẹ́dì inú àwo.

"Dádì, kò kọrin."

Ted gbé búrẹ́dì náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín títí tó fi la ẹnu. Ó mọ orin náà. Ó mọ ibi tí Tracy ti máa ń fi imú kọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dá a dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe bí Mọ́mì ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣáà máa ṣe é lọ."

Penny ṣí ilẹ̀kùn. "A ti pẹ́ o." Agbòjò yẹ́lò wà lára ìkọ́. Ted nawọ́ sí i, ó fawọ́ padà. "Ẹ jẹ́ ká sáré," ló wí. "Ọkọ̀ ò jìnnà."

Ẹ wo ohun tí mi ò sọ. Mi ò sọ pé ó ń ṣọ̀fọ̀, mi ò dárúkọ Robin. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìran yìí, tó wá lọ wo 2030 níbi tí àwọn ọmọ kan náà ti ń sọ pé kí Dádì lọ pe Àǹtí Robin, kò ní gbọ́ ọ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Luke tó ní "ẹ ṣáà máa ṣe é lọ" ló ń sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá kọ tiyín tán, ẹ wo gbólóhùn àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn. Nínú iṣẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ àkópọ̀ eré tí gbogbo wa ti wò. Ẹ gé e sọnù.

7. Ẹ fún ẹni tó fẹ́ràn ìparí àtilẹ̀wá kà

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ bínú á yìn yín lásán. Ẹ wá ẹni tí ìparí náà tẹ́ lọ́rùn (wọ́n wà, wọ́n kàn ń dákẹ́ ni), kí ẹ bi í ní ìbéèrè kan péré: níbo ni o ti rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀? Ibi tó bá nàka sí ni ìbínú yín ṣì ń sọ̀rọ̀ dípò ẹ̀dá ìtàn. Ẹ tún ibẹ̀ kọ.

8. Ẹ gbé e jáde

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni Archive of Our Own, tí gbogbo èèyàn ń pè ní AO3. Àwọn olólùfẹ́ ìtàn fúnra wọn ló dá a sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ Organization for Transformative Works, kì í ṣe fún èrè, kò sì sí ìpolówó ọjà níbẹ̀. Ní 2019 wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Hugo. Láti ní àkáǹtì, ẹ ó fi ímeèlì yín sílẹ̀, ẹ ó sì dúró de ìwé ìpè. Ẹni tí kò bá lè dúró, Wattpad wà, kò ní kí ẹ tò sórí ìlà.

Ẹ má kánjú níbi tí ẹ ó ti kún fọ́ọ̀mù. Bí ẹni pàtàkì bá kú nínú ìtàn yín, ẹ mú ìkìlọ̀ Major Character Death. Ẹni tó ń wá ìtàn tí Tracy ti wà láàyè kò yẹ kó já sínú tiyín láìmọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ tún ìparí ṣe, ẹ fi tag Fix-It sí i. Bí ìtàn yín bá yà kúrò níbì kan, Canon Divergence ni, kí ẹ sì sọ ibi tó ti yà nínú àlàyé kúkúrú tó wà lókè. Ẹ má gbàgbé láti yan èdè tí ẹ fi kọ ọ́.

Ẹ má tà á. Àwọn ẹ̀dá ìtàn náà ní olówó wọn, ara ìdí tí wọ́n fi ń fojú fo fanfic ni pé kò sí owó nínú rẹ̀. AO3 kò tilẹ̀ gbà kí ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ìlíǹkì ìtọrẹ sísàlẹ̀ iṣẹ́ yín. Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí kò fẹ́ ẹ rárá: George R. R. Martin tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe Game of Thrones ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa fi àwọn ẹ̀dá ìtàn òun kọ fanfic. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, àwọn òǹkàwé á dé. Ẹnì kan á ní kí ẹ máa bá a lọ, ẹlòmíràn á bínú sí yín bí ẹ ṣe bínú sí CBS, pé kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí Tracy kú. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ sọ fún un pé kó kọ tirẹ̀. Bó bá fẹ́ gbé e sórí AO3, àyè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ti ń tọ́ka sí iṣẹ́ tí ìtàn ti jáde wá. Kó lẹ ìlíǹkì tiyín mọ́ ọn, kí àwọn tó bá ka ọ̀kan lè rí èkejì.